Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ojú-Alákàn, Ọkọ Mi Àgbà

Ọkọ mi àgbà,

Èmi ìyàwó yín aránṣọ ni, èyí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiyín ní Ìperindó níbí, tí ẹ máa ń ké mọ́ pé ariwo maṣíìnì rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Lẹ́tà ni mo kọ lónìí, torí bí mo bá wá bá yín lójúkojú, ẹ ó ní kí n jókòó, ẹ ó fún mi lóbì, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ni ọkùnrin tó gbé ọ̀kadà dúró sẹ́nu ọ̀nà wa lánàá. Mo mọ̀ yín. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ á ti di ẹ̀rí tí mo wá jẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Láti ìgbà tí mo ti wọ Ìperindó ni mo ti ń wá orúkọ tó máa bá yín mu. Akọ̀wé ni mo kọ́kọ́ pè yín, nítorí bírò tí kì í kúrò lápò yín. Ó ṣe díẹ̀, mo yí i padà sí Bàbá Wolé-wolé, nítorí iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọdún 2020 ló fi orúkọ gidi lé mi lọ́wọ́. Alákàn ń fi ojú ṣọ́ orí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ń fi tiyín ṣọ́ orí gbogbo àdúgbò, títí kan orí àwọn tí kò bẹ̀ yín níṣẹ́. Gbogbo àwa ìyàwó ilé la ń pè yín ní Ojú-Alákàn lẹ́yìn yín. Ẹ má bínú. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni ọmọ yín, ọmọ mi, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní Lọ́kìdáùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá rẹ̀ ti oko dé, kò tíì bọ́ bàtà tí ọmọ fi ní, “Bàbá, Màámi ra aṣọ tuntun, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ nírú èyí. Ó ní Bàbá iwájú ilé ni. Ó ní ẹ sọ pé ọmọ tó bá rí nǹkan tí kò wí, ojú á máa yún un. Ọkọ mi àgbà, ọmọ tí ẹ pe agbófinró síbi ìkómọjáde rẹ̀, òun náà lẹ wá ń kọ́ níṣẹ́ amí. Ó yẹ ká jókòó ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìparí oṣù kẹta ọdún 2020. Gbóyèga Oyètọ́lá, tó jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, ti ní kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà. Wọ́n ti ti ẹnubodè ìpínlẹ̀, ilé ìwé ti tì, ọjà ti pa lọ́lọ́. Àwa níbí kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó ni. Lóòótọ́, ìlú wa ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Atákúnmọ́sà, ṣùgbọ́n kí ni Kòrónà ń wá bọ̀ níbi tí igi kòkó ti pọ̀ ju mọ́tò lọ? Ọ̀rọ̀ Èjìgbò ló kó jìnnìjìnnì bá wa. Èjìgbò tó wà ní Ọ̀ṣun wa níbí àti Àbíjàn ní Ivory Coast ti di ọmọ ìyá tipẹ́. Èèyàn 127 ló ti Ivory Coast dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kó wọn sí àyè ọ̀tọ̀ fún àyẹ̀wò. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin tó parí, èèyàn 20 ló ti ní àrùn náà ní Ọ̀ṣun. Èkó àti Àbújá nìkan ló jù wá lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ariwo tún gba ìlú pé àwọn kan sá kúrò níbi tí wọ́n kó wọn sí. Ọjọ́ tí a gbọ́ ìyẹn ni ẹ gbé àga jáde.

Mo lè ya àga náà fún yín nínú òkùnkùn. Àga onírọ́bà, aláwọ̀ búlúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́, ẹ sì fi bíríkì kan tì í. Ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹ ti lè rí ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀rọ omi, ọ̀nà tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, àti ẹnu ọ̀nà tèmi. Bàbá bàbá ọkọ mi ṣe òṣómààló nígbà ayé wọn. Wọ́n á ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó yóò fi jáde. Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan. Ṣùgbọ́n owó tiwọn ni wọ́n ń lóṣòó gbà. Ẹ̀yin, gbèsè wo la jẹ yín?

Lọ́jọ́ kan mo ń din ata. Ẹ mọ ata ìgbà yẹn, ata tó jẹ́ pé kí ó tó débi ọbẹ̀ ó ti pa èèyàn lẹ́kún. Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Mo gbọ́ tí fèrèsé yín pa dé: gbàgà! Láti ọjọ́ náà, tí ikọ́ bá ń bọ̀, mo máa ń gbé orí bọ inú àpò ìrẹsì kí n tó hú u.

Kí n má baà di aláìmoore, ẹ ṣe mí lóore kan. Gbogbo ẹni tí ẹ bá jágbe mọ́ pé kò bo imú, ọ̀dọ̀ mi ló ń sá wá. Àjákù ańkárá tí mo ti ń fi nu maṣíìnì láti ọdún yìí wá, mo sọ gbogbo rẹ̀ di ìbòmú. Nígbà tí rọ́bà tín-ín-rín tán ní Iléṣà, mo tú ti inú síkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ má bi mí léèrè mìíràn. Igba náírà ni mo ń tà á. Oṣù tí kò sí ẹni tó ń rán aṣọ ìnáwó, ẹnu yín ló bọ́ wa nínú ilé yìí. Ó yẹ kí n ti fún yín ní ìpín tiyín. Owó yẹn ni mo ń bá bọ̀.

Ìwé yín ńkọ́? Ìwé ẹ̀kọ́sáàsì yẹn, èyí tí wọ́n ya máàpù Nàìjíríà sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí ẹ fi òwú so bírò mọ́. Ẹ rántí ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ rọ̀, tí ìjì jà, tí ẹ sáré lọ ká aṣọ lórí okùn? Afẹ́fẹ́ gbé ìwé náà wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tí mo gbé e wá fún yín, ẹ wò mí lójú, ẹ bi mí bóyá mo ṣí i. Mo ní èmi kẹ̀? Ẹ foríjì mí, irọ́ ni mo pa. Mo kà á dé ẹ̀yìn.

Ọwọ́ yín dára o. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú: Ìyá Alákàrà, ìbòmú wà lágbọ̀n. Aago mẹ́sàn-án: Káfíńtà, kò wọ nǹkan kan. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀: Aránṣọ húkọ́ (2). Ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ikọ́ mi. Mo wò ó títí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó ka ikọ́ mi sí bẹ́ẹ̀ rí, ìyá tó bí mi pàápàá ò kà á.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ṣàkíyèsí bí mo ṣe ń ṣí ìwé náà. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tí ẹ ò ti bá ní ẹjọ́ kí Kòrónà tó kúrò ní Ṣáínà. Èéfín Ìyá Alákàrà ń wọ yàrá yín. Káfíńtà gba àsansílẹ̀ férémù ilẹ̀kùn lọ́wọ́ yín láti 2017, férémù ò jáde. Ewúrẹ́ Bàbá Ràṣídì ló jẹ ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá sórí páànù. Èmi, ẹ mọ ti maṣíìnì. Àrùn tuntun, ẹjọ́ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ìyá Ẹlẹ́mu ń gba èèyàn méje lábẹ́ igi ọsàn rẹ̀ ní ọ̀sán ojoojúmọ́, wọ́n ń fi igbá kan ṣoṣo mu, kò sí orúkọ rẹ̀ níbi kankan nínú ìwé. Mo ronú títí kí n tó mọ ìdí ẹ̀. Ẹ̀yin lẹni kẹjọ.

Ó wá ku ìkómọjáde. Ọjọ́ kẹjọ tí mo bímọ ni. Ìyá mi wà ní Iléṣà, kò rí mọ́tò wọ̀ wá. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ò lè wá. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun, mo mọ iye wọn torí èmi ni mo rán ìbòmú fún wọn, láti ara ańkárá kan náà. Ta ló rí aṣọ ẹbí imú rí? Àwa la kọ́kọ́ ṣe é. Pásítọ̀ fi ìbòmú gbàdúrà, a ò gbọ́ ìdajì rẹ̀, a ṣáà ń ṣe àmín. Ó wá kan oyin. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń fi ìbòmú tọ́ oyin lá? Gbogbo wa fà á sọ̀kalẹ̀ sí àgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, a na ìka. Àsìkò náà gan-an ni ọkọ̀ kan já wọ àdúgbò.

Àwọn mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀. Ìbòmú kan ṣoṣo ló wà láàrin wọn, iwájú orí ni ẹni tó ni ín gbé e sí bí ẹni gbé ìgò ojú sórí. Wọ́n ní ẹnì kan tó fẹ́ràn ìlú ló pe àwọn. Wọ́n ní ta ni bàbá ọmọ. Ọkọ mi dìde. Wọ́n ní kó máa bọ̀ nínú mọ́tò. Ìyá Alákàrà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, òórùn ìrẹsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀gá wọn fa imú sókè. Ó bèèrè pé irú ìrẹsì wo nìyẹn. Nígbà tó fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àwọn mẹ́rin ti jẹun, owó tí àwọn èèyàn fi ta ọmọ mi lọ́rẹ ti di owó epo ọkọ̀, ẹran tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò ti bá wọn lọ. Ó ku kí wọ́n ṣíná sí mọ́tò. Ọ̀gá wọn yọ orí láti ojú fèrèsé, ó kọjú sí ilé yín, ó pariwo: “Bàbá, ẹ ṣeun o! A ti rí wọn!”

Aṣọ fèrèsé yín mì. Gbogbo wa rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ọgbẹ́ ọmọ ṣì ń dùn mí nígbà náà o. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Fún oṣù kan gbáko, tó bá kí yín ní “Ẹ káàárọ̀,” ògiri ló máa ń wò.

Ó ní ohun tó mọ̀. Ní àárín oṣù kẹrin yẹn, Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Nàìjíríà gbé àbọ̀ jáde pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, èèyàn 18 ni àwọn agbófinró ti pa níbi tí wọ́n ti ń fipá mú kónílé-ó-gbélé ṣẹ. Iye tí Kòrónà fúnra rẹ̀ tíì pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, 12 ni. Ẹ wo ìṣírò yẹn dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé. Ẹ rí èyí tó ń pa èèyàn 12, ẹ lọ ké sí èyí tó ti pa 18. Oríire tiwa ni pé ebi ló ń pa àwọn tí ẹ pè.

Kí ẹ má baà rò pé Ìperindó nìkan ló ní Ojú-Alákàn: ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ndọ̀nù. Ó ní ojú fèrèsé kún níbẹ̀ ju tiwa lọ. Kí oṣù kẹrin 2020 tó parí, ìpè tí àwọn ọlọ́pàá gbogbo orílẹ̀-èdè wọn ti gbà lórí àwọn tó rú òfin Kòrónà tó 194,000. Àwọn kan pè pé aládùúgbò àwọn jáde sáré lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n ní èèyàn tó bá péjọ ò gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ, mínísítà wọn fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, Priti Patel, sọ ní gbangba pé òun á fi aládùúgbò òun sùn bó bá rú òfin. Mo ní hàà, ọmọ ìyá Bàbá iwájú ilé wa rèé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé níbẹ̀ wọ́n á já ìwé ìtanràn fún èèyàn. Níbí, wọ́n á bèèrè pé ṣé ẹran wà.

Mo mọ èyí tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, torí òun ni ẹ fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn lábẹ́ igi ọsàn: Fúnkẹ́ Akíndélé, òṣèré tí a mọ̀ sí Jẹ́nífà. Lóòótọ́, wọ́n gbé òun àti ọkọ rẹ̀ ìgbà náà lọ sílé ẹjọ́ l'Ékòó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2020, nítorí ọjọ́ ìbí tí wọ́n ṣe nínú ilé, wọ́n ní kí oníkálùkù san 100,000 náírà, kí wọ́n sì fi ọjọ́ 14 sin ìlú. Ṣùgbọ́n Bàbá, fídíò àríyá náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ojú ayélujára kan. Kò sí bàbá kankan lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Ẹ má fi ẹjọ́ Jẹ́nífà bo tiyín mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì jù ni pé ẹ̀yin lẹ yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Wolé-wolé ni yín! Ìyá ọkọ mi ṣì ń sọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń pariwo pé “Wolé-wolé ń bọ̀!” tí àwọn ìyá á máa da omi ìkòkò nù lẹ́yìnkùlé kí ẹ tó rí tanwíjí nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ le, pé ẹ lè gbé ìyá yín lọ sí kóòtù nítorí tanwíjí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ẹ máa ń wọlé. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó yọjú sínú ìkòkò, ẹ ó bínú, ẹ ó wá fi han ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ dé e. Ẹni tí ẹ bá bá wí, ojú rẹ̀ lẹ ti bá a wí. Kí ló dé tí ẹ ò lè sọdá ọ̀nà tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, kí ẹ sọ fún mi pé, “Ìyàwó, mẹ́tàdínlógún ti pọ̀ jù, dá àwọn kan padà”? Ǹ bá kùn, ṣùgbọ́n ǹ bá dá wọn padà.

Àwọn àgbà tó sọ ìtàn àrùn lúkúlúkú fún wa kò fi bò pé bí ẹ̀rù bá ti ń ba aráàlú, ńṣe ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn pamọ́. Ọdún 1918 ni ìyẹn, nígbà tí àrùn náà ti inú ọkọ̀ òkun bọ́ sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án, tó sì tọ ojú irin wọ ilẹ̀ Yorùbá. Wolé-wolé ń ti ojúlé dé ojúlé, àwọn èèyàn ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé èèyàn wọn sá lọ sóko, àrùn sì ń bá wọn lọ. Ohun kan náà la ṣe níbí. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni Káfíńtà fi ń gbóná lára tó ń sọ pé oòrùn ló pa òun? Ẹ̀rù yín ló ń bà á ju ibà lọ. Nọ́ńbà 6232 tí NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, fún wa, kí ẹni tí ara rẹ̀ ò dá lè rí ẹni ké sí ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹ̀yin sọ ọ́ di pàṣán.

Èmi ò sọ pé ká rí nǹkan ká dákẹ́. Ní 2014, tí Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó ní oṣù keje, èèyàn 894 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá kàn nílé wọn, tí wọ́n ń tẹ̀lé lójoojúmọ́, torí pé àwọn èèyàn là wọ́n lọ́yẹ̀ pé báyìí-báyìí ni, lágbájá fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé ní Nàìjíríà ti bọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi àwọn 894 náà bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà: báwo lara ṣe rí lónìí? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní owó epo.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé, nǹkan pọ̀ lọ́dún yẹn. Ìlú tó wà lórí wúrà ni wá. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń gba ọ̀nà oko kọjá lóru nígbà kónílé-ó-gbélé, ṣé wọ́n fò kọjá ni? Ní oṣù karùn-ún, ìjọba Ọ̀ṣun mú èèyàn 27 tó ń wa kùsà láìgba àṣẹ, ará Ṣáínà 17 wà nínú wọn. Mo sáré wá wo ojú yín lọ́jọ́ náà bóyá ẹ̀yin lẹ fi wọ́n sùn. Ẹ ní, “Ìyẹn ò kàn mí.” Ìkòkò ìrẹsì mi ló kàn yín. Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ẹdẹ, tí a rí i pé oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, mo bi ara mi pé àbí ilé yẹn ò ní aládùúgbò tó ní fèrèsé ni.

Ó dáa. Mo ti bú yín tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òru ọjọ́ kan.

Oṣù karùn-ún náà ni, aago méjì òru ti lù. Lọ́kìdáùn ń ké, bàbá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó ń rìn kiri iwájú ilé. Ọkọ̀ tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Èkó ń bọ̀ wálé lófìfo. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, wọ́n ká tápólì, èèyàn kan jáde lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ bíbí yín tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ni. Ó ti rù. Wọ́n ti ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́, landiléèdì ò sì gbọ́ ti Kòrónà. Ẹ jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ọwọ́ bo iná tọ́ọ̀ṣì náà kó má baà mọ́lẹ̀ jù. Ẹ rí ọkọ mi. Ọkọ mi rí yín. Ó fún mi lọ́mọ, ó sọdá, ó bá yín gbé àpò rẹ̀ wọlé, ó tún sọdá padà, ó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ọmọ yín húkọ́. Mo ń gbọ́ láti inú òkùnkùn. Mo kà á: mẹ́ta.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àga wà lọ́dẹ̀dẹ̀, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Ọjọ́ 14 gbáko ni ẹ ò fi yọjú. Nínú gbogbo Ìperindó, mi ò rí ẹni tó pa òfin kónílé-ó-gbélé mọ́ tó yín. Àwọn mọ́kànlá tó wà nínú ìwé yín, gbogbo wọn ló mọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀, ẹ má bi mí, àdúgbò ni. Kò sí ẹni tó tẹ 6232. Ìyá Alákàrà ń pọ́n àkàrà sínú ìwé, ó ń gbé e sójú fèrèsé, á kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, á sì sá padà. Káfíńtà gbé férémù wá ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé e ti ògiri. Èmi rán ìbòmú méjì láti ara aṣọ ẹbí tó ṣẹ́kù, mo gbé e sórí àga, mo fi bíríkì lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ jáde. Ọmọ yín náà jáde, ara rẹ̀ ti yá, ìbòmú aṣọ ẹbí wà ní imú ẹ̀yin méjèèjì. Ìwé ò jáde. Ẹ sọdá ọ̀nà, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ wo maṣíìnì, ẹ wo ọmọ, ẹ ní, “Ìyàwó, èló ni ìbòmú?” Mo ní irínwó náírà ni méjì. Ẹ ka owó náà sí mi lọ́wọ́ ní ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún, ẹ ò ná an. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná iyọ̀! Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà títí di òní, èmi náà ò sì sọ ọ́.

Irínwó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìpín tiyín nínú ọjà ìbòmú nìyẹn. Lọ́kìdáùn á fi jíṣẹ́ fún yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ má jẹ́ kó kà á fún yín o, ó ti mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ló kù. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà 6232 tí ẹ fi èédú kọ sára ògiri yín ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé rò pé nọ́ńbà ojúlé ni. Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan wá gbé ẹrù fún mi, ó ní kí n júwe ilé, Lọ́kìdáùn dá a lóhùn pé “ilé tó dojú kọ 6232.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀dà pa á.

Èkejì, Lọ́kìdáùn á pé ọdún mẹ́fà ní Sátidé tó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀. Mo ti kà wọ́n, wọ́n lé ní àádọ́ta, kò sì sí ẹni tó máa bo imú. Ìrẹsì wà, ẹran wà, oyin náà wà. Ẹ gbé àga onírọ́bà yẹn dání, torí àga ò ní kárí. Ẹ má gbàgbé bíríkì rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyàwó yín Aránṣọ, iwájú ilé